Ìkòkò Ìyeyè àti Àáké Baba

Ẹni tó bá mọ Ẹfúnyẹmí ní abúlé Ìdí-Àpáta láyé àtijọ́ mọ̀ pé ohun méjì ni kì í fi ṣeré: ìyá rẹ̀, àti àáké tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Igi ìdáná ni Ẹfúnyẹmí, obìnrin yìí, ń là tà. Alágbẹ̀dẹ tó rọ àáké ọ̀hún ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí tó mọ irú rẹ̀ rọ mọ́. Nítorí náà, bí Ẹfúnyẹmí bá ti la igi mẹ́ta, yóò dúró, yóò wo ẹnu àáké, yóò sì pọ́n ọn kí ó tó la ìkẹrin. Àwọn ará abúlé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àáké bá ń jẹun ni, Ẹfúnyẹmí ì bá máa bu òkèlè sí i lẹ́nu.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, àìsàn dá ìyá Ẹfúnyẹmí, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Àgbà, wólẹ̀. Àìsàn náà lọ o, ṣùgbọ́n ó kó ìfẹ́ oúnjẹ lọ. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó ní ó ń rùn. Wọ́n gúnyán, ó yíjú sí ògiri. Egungun èjìká rẹ̀ yọ síta, ẹ̀rù sì ba ọmọ rẹ̀ gidigidi.

"Ìyá mi, kí lẹ máa jẹ?" Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ ṣáà dárúkọ nǹkan kan fún mi."

Ìyá Àgbà ronú títí. "Ọbẹ̀ ìyeyè," ló wí. "Irú èyí tí ìyá tó bí mi máa ń sè. Kí ẹ sì fi iṣu sísun tì í."

Ọbẹ̀ ìyeyè yìí kì í ṣe ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Ìyeyè tó pọ́n dáadáa ni wọ́n ń bó, wọn a gbé e kaná nínú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú ata, atalẹ̀ àti iyọ̀. Wọn a wá da oyin sí i, wọn a máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi ki, tí yóò sì máa dán. Bó bá kan ahọ́n, kíkan ló ń kọ́kọ́ dé, dídùn á tẹ̀ lé e, ata á wá ta ẹni kẹ́yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tó bá tọ́ ọ wò kì í gbàgbé.

Ẹfúnyẹmí ṣa ìyeyè tó kẹ́yìn lórí igi, ó kún agbọ̀n kan. Oyin ni kò sí. Iná ọ̀dàn ti jó gbogbo igi tí oyin ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú àpáta ẹ̀yìn abúlé nìkan ni wọ́n kù sí. Ó kọ́kọ́ fi omi ìrèké dípò, ó sè díẹ̀. Ìyá Àgbà fi ahọ́n kàn án, ó tutọ́. "Èyí kọ́, ọmọ mi."

Ni Ẹfúnyẹmí bá gbé àáké, ó pe Akínfẹ́ńwá àbúrò rẹ̀ pé kó wá fi èéfín lé oyin. Ihò tí oyin wà kò gba ọwọ́, àfi kí wọ́n fọ́ etí òkúta náà. Ó la àáké mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹnu àáké o!" Akínfẹ́ńwá kígbe.

Ó wò ó. Ó ti ṣẹ́ díẹ̀. Ó gbọ̀nà etí odò lọ síbi òkúta ìpọ́n. Kí ó tó padà dé, èéfín ti tán, oyin sì ta àwọn méjèèjì délé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì: ó la àáké mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò ó, ó lọ pọ́n ọn, oyin tún ta wọ́n. Nílé, ìyeyè inú agbọ̀n ti ń rà, eṣinṣin ń kùn lórí rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì lè dá jókòó mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ẹfúnyẹmí ṣa èyí tó ṣì dára sọ́tọ̀. Kò ju ìkòkò kan lọ. Bó bá di ọ̀la, kò sí ìkankan.

"Akínfẹ́ńwá, bí o bá tún sọ fún mi lónìí pé kí n wo ẹnu àáké, ìwọ ni n ó fi èéfín lé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá bàjẹ́, kí lẹ máa fi la igi?"

"Bí ìyá wa bá kú, ta ni mo ń la igi fún?"

Bí wọ́n ti dé ìdí àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la àáké mọ́ òkúta. Iná ń ṣẹ́ lára òkúta. Oyin ta á lọ́rùn, ó ta á létí, kò gbọ̀n ọ́n dànù. Ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké, ó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ihò. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, etí òkúta já bọ́, afárá oyin sì yọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìkòkò gorí iná. Òórùn rẹ̀ gba agboolé kan. Kí wọ́n tó bù ú, ohùn Ìyá Àgbà ti ń jáde láti inú yàrá: "Ẹ bù ú wá kó tó jóná!" Ó fi àárín iṣu sísun run ún, ó jẹ, ó lá ìka, ó tún na àwo. "Ó ku iyọ̀ díẹ̀," ló wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń wá iyọ̀ kò tíì múra ọ̀run.

Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri, níbi tí àáké máa ń wà. "Gbé àáké baba rẹ wá kí n rí i."

Ẹfúnyẹmí gbé e wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun náà wò ó láti àárọ̀. Kò sí ẹnu níbẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà fi ìka tọ́ ọ. "Áà! Ó ti di aláìléyín bíi tèmi."

"Ẹ má bínú, ìyá mi," ni ọmọ ń wí tẹkúntẹkún. "Mi ò wò ó ni."

"Bí o bá wò ó ńkọ́? O ò bá ti ṣíwọ́. Kí n lè máa rí jẹ ni baba rẹ ṣe ní kí wọ́n rọ ọ́. Mo sì ti jẹ." Ó fa ìkòkò mọ́ra, ó bu tirẹ̀ fún un. "Gbà, kí ìwọ náà jẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ ńlá bá dojú kọ ènìyàn tó sì ń ṣiyèméjì, ohun tí àwọn àgbà ń wí fún un ni pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.