Ẹjọ́ Ẹtu nínú Igbó Méjì

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi balẹ̀ sórí Ẹtu, tí Ẹkùn pa ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ẹtu gbé ẹjọ́ lọ bá Ìjímèrè, adájọ́ àgbà igbó wọn. Ìjímèrè ní, "Ẹjọ́ tí mo bá dá, kò sẹ́ni tó lè yí i. Ṣùgbọ́n Ẹkùn ló fi mí joyè. Ṣé èmi ni n ó wá dá a lẹ́bi?"

Ẹtu sọdá odò lọ sí igbó kejì. Níbẹ̀, gbogbo ẹranko ló dìbò yan Ìgalà ní adájọ́. Ìgalà ní, "Ìyá, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fún mi, wọn ò fún mi lọ́wọ́ tí n ó fi mú Ẹkùn."

Nígbà kẹta, Ẹtu dúró láàárín odò, ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ẹkùn, ọmọ mi dà?

Ọmọ mi dà o, ọmọ mi dà.

Ó kọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nínú igbó méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbè é.

Ẹ̀yin ọmọ nìkan lẹ gbè é. Ẹ rọra o, Ẹkùn kò tíì sùn.