Ẹsẹ̀ Tó Kẹ́yìn

Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀.

Àìsàn gbé Látúnjí dé ilé ìwòsàn kan ní ìlú òkèèrè. Morádékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù láti lọ tọ́jú rẹ̀ nígbà tí dókítà, àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá, pè wọ́n lórí fóònù. Akínlàjà, àbúrò Látúnjí, ni ó gbà á, nítorí òun ni ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nínú ilé.

"Ọkọ mi, kí ni wọ́n wí?" ni Morádékẹ́ bi í.

"Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ti dìde nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò yìí dá kí ẹ tó lọ."

Inú obìnrin náà dùn, ó sì dúró. Nígbà tí ó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ibùsùn ọkọ rẹ̀ ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ni ó ṣàlàyé fún un pé bí òyìnbó bá ní ènìyàn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni náà ń kú lọ ni.

"Orúkọ yín ni wọ́n ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́, mà."

Nígbà tí Morádékẹ́ padà délé, Akínlàjà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí. "Ẹsẹ̀ ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìyókù."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ni Morádékẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ó ń pè mí, n kò sì dá a lóhùn."

Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ṣì ń gbé, ṣùgbọ́n Morádékẹ́ kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.