Ilẹ̀ Tí Orúnkún Yàn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ohùn yín kò tíì jáde. Àbí iyán ló dí yín lọ́fun? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹ súnmọ́ mi níbí, lórí sìmẹ́ǹtì. N kò ní wọ pálọ̀ yẹn lálẹ́ yìí. Táìlì tí bàbá Ràímì lẹ̀ síbẹ̀ dára, ó ń dán, mo sì ti kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ràímì fúnra rẹ̀ ló yọ̀ ṣubú níbẹ̀ láàárọ̀."

"Màmá, omi ló wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́. Omi ló máa ń wà níbẹ̀. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, kò kọsẹ̀, kò yọ̀; ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró amọ̀kòkò."

"Kí ló bá níbẹ̀?"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń ná ọjà kan náà, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìkòkò ni ó ń mọ. Bí ó bá sun márùn-ún, mẹ́ta á yè, méjì á fọ́. Èyí tó bá fọ́, ẹ̀yìn ibi tí ó ti ń sun ìkòkò ni ó ń dà á sí, títí tí òkìtì àpáàdì fi ga níbẹ̀ tó ẹni tó jókòó.

Àwẹ̀ró kò mọ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló gbà á, òun ló fi omi ẹ̀kọ tọ́ ọ, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ amọ̀. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ojú Ìyá Àgbà ti fọ́, ó sì ń dá gbé ní abà kan lẹ́yìn odò. Ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ wà. Ewúrẹ́ yìí ló ń fi okùn fà á kiri, òun ló ń sọ fún un pé gbòǹgbò nìyí, kòtò nìyí.

"Màmá, ṣé ewúrẹ́ ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Bíntì, bèbí tí ìwọ ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi."

Lọ́dún yẹn, Ìyá Àgbà ṣubú. Ó dìde, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dìde. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, nítorí arúgbó tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, a ṣì lè fi ṣe ẹ̀rín. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu kì í gbà á sọ. Àwẹ̀ró bá mọ yàrá kan mọ́ ilé rẹ̀. Ó mọ ògiri, ó bo òrùlé. Ó lọ sí abà, ó ní, "Ìyá, ẹ wá máa bá mi gbé."

Ìyá Àgbà ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò lójú mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń ríran. Láàárọ̀, kí n tó bu omi bọ́jú, mo máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá mi. Ilẹ̀ tí mo bá lè kúnlẹ̀ lé, tí mo sì lè dá dìde láìjẹ́ pé ẹnìkan fà mí, ibẹ̀ ni n ó gbé. Ibi tí n kò bá ti lè dá dìde, ẹrù ni mo jẹ́ níbẹ̀. N kò fẹ́ di ẹrù rẹ. Ṣe ilẹ̀ yàrá náà, n ó wá wò ó."

Àwẹ̀ró padà sílé, ó ń rò ó. Ẹni tó fi omi ẹ̀kọ tọ́ òun, ṣé orí erùpẹ̀ lásán ni yóò wá kúnlẹ̀ sí? Rárá. Ilẹ̀ tó lẹ́wà ni òun ó wá fún un, ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò yóò wá wò.

Ìgbín gbọ́, ó wọ́ dé.

"Àwẹ̀ró, èmi ni kí o gbé iṣẹ́ yìí fún. Ibi tí mo bá gbà kọjá, dídán ló ń dán."

"Ṣé ó dára fún arúgbó?"

"Ojú rẹ ni kí o bi."

Àwẹ̀ró bi ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ó dára. Ìgbín wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ilẹ̀ yàrá wá ń dán bí omi inú àwo. Àwẹ̀ró yọjú wò ó, ó rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ewúrẹ́ fa Ìyá Àgbà dé. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹsẹ̀ iwájú lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ sósì, ikùn rẹ̀ balẹ̀ gbì. Ibi tó nà sí yẹn náà ló ti gbé orin. Ẹ bá mi gbè é, "Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò":

Àwẹ̀ró o, ilẹ̀ ń dán —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*
Ojú ló yàn án, ojú kì í rìn —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*
Ẹsẹ̀ ló ń lọ, ẹsẹ̀ ló ń bọ̀ —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*
Orúnkún ló mọ ibi tó sọ̀ —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*

Ìyá Àgbà fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà, ó sì fà á padà. "Ó tutù, ó jọ̀lọ̀. O ṣé, ọmọ mi. Ewúrẹ́, dìde, ká máa lọ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló dun Àwẹ̀ró jù. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó bú òun.

Kò pẹ́ ni Ẹ̀gà fò dé, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Mo ti sọ, mo ti sọ. Ta ní ń gbé iṣẹ́ ilé fún ìgbín? Ẹni tó ń ru ilé tirẹ̀ kiri, ìgbà wo ló mọ ilẹ̀ ṣe? Imọ̀ ọ̀pẹ àti òwú àràbà ni ká hun síbẹ̀. Arúgbó ń fẹ́ rírọ̀."

"Bí omi bá dà sí i ńkọ́?"

"Ta ni yóò da omi sí i?"

"Arúgbó ni."

"Kó má da omi."

"Màmá, Ẹ̀gà yìí gbọ́n o."

"Ràímì, ìwọ àti Ẹ̀gà, ọgbọ́n yín bá ara mu."

Ẹ̀gà àti àwọn ìyàwó rẹ̀ hun ún, wọ́n hun ún, ilẹ̀ náà nípọn dé kókósẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí òun dùbúlẹ̀ dán an wò, ó sùn di ọ̀sán. Ó ní ó parí, Ìyá Àgbà ò ní padà sí abà mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ewúrẹ́ fà á dé. Ewúrẹ́ kọ́kọ́ jẹ igun kan níbẹ̀ ná, ó jẹ ẹ́ tán kó tó rántí orin:

Àwẹ̀ró o, ilẹ̀ yìí rọ̀ —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*
Ó rọ̀ fún oorun, kò rọ̀ fún ìdìde —
*Kúnlẹ̀ wò o, kúnlẹ̀ wò.*

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọwọ́ wọlé. Ó gbé orúnkún kan, èkejì rì sí i. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àwẹ̀ró fà á lápá ọ̀tún, Ewúrẹ́ fi okùn fà á, kó tó lè dìde.

"O ṣé, ọmọ mi," Ìyá Àgbà ní. "O gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí òjò tó dé."

Òjò náà dé lóòótọ́. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, òwú mu omi yó, kò gbẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń rùn, eégbọn ti bímọ síbẹ̀. Àwẹ̀ró hú u jáde, ó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀gà, ṣùgbọ́n Ẹ̀gà ti fò lọ sórí igi ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún tún pé, Ewúrẹ́ nìkan ló dé. Okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Ìyá ńkọ́?"

"Ó ṣubú lánàá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ara ògiri ló rọ̀ mọ́ kó tó dìde. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe wàhálà mọ́. Ó ní o ti ṣe tó, òun dúpẹ́."

Àwẹ̀ró kò dúró mú gèlè. Ó sáré dé abà, ó bá Ìyá Àgbà lórí ẹní, ó fi epo pa á lẹ́sẹ̀. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún sí i."

"Mo ní mo ti dúpẹ́, Àwẹ̀ró."

"Ẹ̀yin ti dúpẹ́, Ìyá. Èmi kò tíì dúpẹ́."

Ó padà sílé ní òwúrọ̀ kejì, Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tó ti ń sun ìkòkò, ó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí fẹ́ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ewúrẹ́ dúró tì í, ó ń wò ó.

"Àwẹ̀ró, orúnkún rẹ kò lẹ́rẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní òjò àná ti sọ gbogbo àgbàlá yìí di ẹrẹ̀, èmi fúnra mi wọ̀ ọ́ dé itan. Ibi tí o kúnlẹ̀ sí nìkan ló gbẹ. Kí ló wà níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró wo abẹ́ orúnkún rẹ̀. Àpáàdì ni. Òun ló tò wọ́n síbẹ̀, ó gbé wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú amọ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa yọ òun lẹ́nu. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ tó sì ń dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná lọ́wọ́. Kò yọ̀ rí. Kò rì rí. Kò sì pè é ní ilẹ̀ rí, nítorí kò sẹ́ni tó wá polówó rẹ̀ fún un.

Ó wá rántí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tó ṣì kéré, Ìyá Àgbà ló to irú rẹ̀ fún un sídìí iná, ó ń sọ pé: "Má tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, á fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Gbé e dúró. Jẹ́ kí ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn."

Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀, ó dìde. Ó lu ilẹ̀ yàrá náà títí ó fi le. Ó tú òkìtì àpáàdì, ó ń fi òkúta ha ẹnu wọn kí wọ́n má gé ẹsẹ̀, ó ń tò wọ́n. Pupa kan, dúdú kan, ó ń kọ orí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí eegun ẹja. Ó fi ìgbẹ́ màlúù po amọ̀, ó fi dí àárín wọn, ó sì fi igi lù ú kí ojú rẹ̀ dọ́gba.

Ìgbín wọ́ kọjá, ó ní, "Àpáàdì kẹ̀? Ohun tí wọ́n fi ń bomi fún adìyẹ?"

Ewúrẹ́ ní, "Máa wọ́ lọ. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, ti orúnkún kò ní í ṣòro fún un."

Ọjọ́ karùn-ún pé. Ewúrẹ́ fa Ìyá Àgbà dé, ìrìn rẹ̀ kò yá mọ́. Ewúrẹ́ wọlé. Pátákò rẹ̀ ń dún kò, kò, kò, kò. Ó rìn yí yàrá ká, ó dúró láàárín, kò kọrin.

"Ewúrẹ́, ṣé kò sí orin lónìí?"

"Ẹ wọlé, Ìyá."

Ìyá Àgbà bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró. Ó gbé èkejì. Ó wá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwẹ̀ró rí i pé ó fẹ́ dìde, ó sáré síwájú.

"Fi mí sílẹ̀," Ìyá Àgbà ní.

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ilẹ̀ kò gbà á wọlé. Ó gbé orúnkún kan, èkejì kò yọ̀. Ó dìde. Ó dá dìde, ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ó gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, ó dúró lórí àpáàdì kan, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ ra ojú rẹ̀. "Etí ìkòkò ni èyí, ó ní àmì ṣùkù àgbàdo lára. Wọ́n yí ṣùkù náà wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìkòkò tí o kọ́kọ́ mọ nìyí. Ṣùkù àgbàdo ni mo ní kí o yí sí i létí, o sì ń yí i wọ́. Ó fọ́ nínú iná, o sunkún, o ní o kò ṣe iṣẹ́ mọ́."

Àwẹ̀ró kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó wólẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì lórí àpáàdì ìkòkò tó ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti kékeré. "Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí lọ́jọ́ tí mo dáyé. Ẹ ṣé tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí ẹ ti fún mi tipẹ́ wà nílé mi, èmi ń wá a kiri."

Ìyá Àgbà fọwọ́ wá ọrùn Ewúrẹ́, ó tú okùn rẹ̀, ó fi í kọ́ sára ògiri.

"Lọ jẹko," ó ní. "Mo ti délé."

"Màmá, ṣé kò ṣubú ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta?"

"Bíntì mi, ibo ni yóò ti ṣubú? Ó pẹ́ nínú yàrá yẹn títí ó fi gbé ọmọ Àwẹ̀ró pọ̀n."

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ohun tí ẹsẹ̀ yóò máa gbé lé, kí a má fi ojú nìkan yàn án. Kí a má sì ju ohun tó fọ́ nù kí a tó wò ó bóyá ó ṣì wúlò. Ẹni tó kọ́ wa níbi tí a ó kúnlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ ká tètè kúnlẹ̀ fún un, nígbà tó ṣì lè gbọ́.

Ibi tí àlọ́ mi dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ló jókòó sí. Bí mo bá purọ́, kí ilẹ̀ yìí má dá gìgísẹ̀ mi lóhùn. Bí n kò bá purọ́, kó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò. Kò. Kò.

Ó dá a lóhùn. Ràímì, fi àkísà nu omi táìlì yẹn kí n tó wọlé sùn, ọmọ mi. O ṣé.