Òkè Tó Ń Rìn

Obìnrin ẹnjiníà kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, Shẹn Yùlán lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán ilẹ̀ fún mísáìlì, ohun ìjà onírin tó ń dá fò lọ bá ìlú ọ̀tá. Mísáìlì yìí kì í fò lókè réré. Ńṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Bó ti ń lọ, á máa wo òkè àti àfonífojì, á máa fi wọ́n wé àwòrán tí Yùlán fi sí i lágbárí. Bí méjèèjì bá bára mu, ó mọ̀ pé òun ò ṣìnà.

Àmọ́ ó ń ṣìnà. Mẹ́ta ni wọ́n ti dán wò ní aṣálẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ forí sọlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Wọ́n tú ẹnjíní èyí tó ṣẹ́ kù palẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ọ̀gá wọn fárígá.

"Yùlán, bí ẹ̀kẹrin bá tún ṣìnà, ẹ di ẹrù yín. Kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà!

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Tẹmù, darandaran tó ń gbé wàrà ràkunmí wá fún wọn ní àgọ́ wọn ní aṣálẹ̀ náà, yọjú wo àwòrán náà lórí tábìlì.

"Ìyá, ta ló gbé òkè iyanrìn yìí síbí?"

"Ibẹ̀ ló wà, Bàbá. Látinú ọkọ̀ òfurufú la ti ya fọ́tò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Ọdún tó kọjá kẹ̀! Ó ti kúrò níbẹ̀."

Àwọn ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé òkè náà lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ó sàn jù ọ́ lọ. Ìwọ tó lẹ́sẹ̀ méjì, o ò débẹ̀ rí."

Yùlán ò rẹ́rìn-ín. Báwo ni òkè ṣe ń rìn? Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó jókòó. Ó gun ràkunmí tẹ̀lé bàbá. Níbi tí àwòrán ti sọ pé òkè wà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n bá. Afẹ́fẹ́ ti gbọ́n iyanrìn náà díẹ̀díẹ̀, òkè ti sún síwájú ju ogójì ìgbésẹ̀ lọ. Abájọ tí mísáìlì fi ń ṣìnà: òkè tí wọ́n yà sí i lágbárí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá, kí ni kì í rìn níbí?"

"Àpáta. Àti ipa odò gbígbẹ."

Yùlán pa gbogbo òkè iyanrìn rẹ́ kúrò nínú àwòrán náà, ó fi àpáta àti ipa odò tí bàbá fi hàn án rọ́pò wọn. Nígbà tí mísáìlì kẹrin gbéra, Yùlán jókòó ti tẹlifóònù títí tó fi dún.

"Ó bà á! Àárín gan-an!"

Ọ̀gá yíjú sí i. "Ojú tuntun wo lẹ fi sí mísáìlì yìí?"

"Ojú tó ní tẹ́lẹ̀ náà ni, Ọ̀gá. Onílẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún un."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà aṣálẹ̀ náà fi ń pa á lówe, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe ń pa á, pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.