Òkété Oníná Mànàmáná

Àlọ́ mi gba ojú ihò kan wọlẹ̀, ó bá Òkété níbẹ̀, ojúkòkòrò ń dà á láàmú.

Ní ọdún yẹn, ohun tí ìlú àwọn ẹranko ń fẹ́ kò ju iná mànàmáná lọ. Omi wà lódò nísàlẹ̀, wọn kò ní ẹ̀rọ tí yóò fà á gòkè. Àgbàdo pọ̀ lóko, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, Òkété ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ òkè, ó ń wá ẹ̀pà tí ẹlòmíràn gbìn, ló bá kan òkúta dúdú. Ó jù ú síná. Òkúta náà jó bí ẹni pé inú epo ni wọ́n ti yọ ọ́. Èédú inú ilẹ̀ ni.

Ó gba ọ̀dọ̀ Erin tó jẹ́ ọba ìlú lọ.

"Kábíyèsí, ẹ fún mi ní òkè yẹn. N ó fi èédú ibẹ̀ se omi, ooru omi yóò máa yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì máa fún wa ní iná."

Erin ní, "Kí ni ìwọ fúnra rẹ ó jẹ níbẹ̀?"

"Èmi? Ìlú ni mo ń rò." Òkété dorí kodò bí ẹni tó ń gbàdúrà. "Agbọ̀n àgbàdo kan péré láti ilé kọ̀ọ̀kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Wọ́n gbà. Ẹfọ̀n ń fi ìwo wa èédú, Erin ń fi ọwọ́jà gbé e. Òkété ni ọ̀gá. Iṣẹ́ ọ̀gá ni pé kó jókòó lábẹ́ ibòòji, kó máa sọ pé, "Ẹ ṣe é dáadáa." Nígbà tó kan ọ̀pá tí èéfín yóò gbà jáde, ó fi itọ́ pa ìka, ó nà án sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ní kí wọ́n rì í sí ìsàlẹ̀, nítòsí ilé Ìgalà. Ilé tirẹ̀ wà lẹ́yìn òkè.

Iná dé lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Omi gòkè. Ẹ̀rọ ń lọ àgbàdo. Ehoro tí kò ní nǹkan tó fẹ́ lọ̀ ń gbé iyanrìn lọ, kó ṣáà lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n eérú ń bọ́ sínú ọbẹ̀ Ìgalà, ọmọ rẹ̀ sì ń wúkọ́ débi pé kò lè sáré mọ́. Ọmọ ìgalà tí kò lè sáré, oúnjẹ ẹkùn ni. Ìyá rẹ̀ tọ Òkété lọ.

"Ọ̀gá, ọmọ mi ń wúkọ́."

"Ikọ́ ìdàgbàsókè ni," Òkété dáhùn, àgbàdo kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìlú tí kò bá wúkọ́ kò lè là."

"Ṣé ẹ̀yin ò ní là ni? Mi ò gbọ́ ikọ́ lẹ́nu yín."

"Àwa ọ̀gá máa ń là níkọ̀kọ̀."

Kò tó o síbẹ̀. Ẹfọ̀n ń gba díẹ̀ nínú àgbàdo fún èédú tó ń wà, èyí sì ń dun Òkété dé ọkàn. Ó gbẹ́ ihò ní bòókẹ́lẹ́ láti inú ilé rẹ̀, ó gba abẹ́ òkè kọjá títí dé ìdí iná, ó ń ti èédú gba ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí Ẹfọ̀n máa lọ sílé. Àgbàdo di tirẹ̀ nìkan, ó kún yàrá dé àjà.

Ìgalà kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Erin. Erin ránṣẹ́ pe Òkété.

"Wọ́n ní ká gbé ọ̀pá èéfín kúrò níbẹ̀."

Òkété rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé iná tí kò bá ríbi mí, kíkú ni yóò kú, ìlú yóò sì fi agbọ̀n méjì méjì wá bẹ òun. "Kí lẹ fẹ́ gbé e kúrò fún? Ẹ dí i pa. Ẹ ó rí ohun tí ẹ ó rí."

Erin kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ki amọ̀ bọ ẹnu ọ̀pá náà. Òkété lọ rọ̀gbọ̀kú sórí àgbàdo rẹ̀, ó ń dúró de àwọn tí yóò wá kúnlẹ̀.

Iná kò kú. Ẹ̀rọ ń lọ̀.

"Níbo ni èéfín wá gbà?" ni Ẹfọ̀n béèrè.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i tó ń rú tùùtù lẹ́yìn òkè, láti ẹnu ilé Òkété. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi yọ, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ń wúkọ́ tí àgbàdo ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gá," Ìgalà ní. "Ẹ ti là."

Erin kó àgbàdo inú ilé náà jáde, ó pín in fún ìlú. Wọn ò pa iná. Ta ni yóò tún padà máa forí pọnmi? Ṣùgbọ́n wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń jẹ nídìí iná, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni èéfín yóò ti kọ́kọ́ kí i. Wọ́n sì ń wá iná tí kò ní èéfín. Wọ́n ṣì ń wá a.

Láti ìgbà náà, Òkété kì í gbẹ́ ilé ẹlẹ́nu kan mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ fẹ́ èéfín sí ẹnu ihò Òkété, kó sì sáré lọ dúró lẹ́nu kejì.