Irunmú Ìyá Òkété

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sínú ihò Ìyá Òkété. Àwọn ọdẹ dáná ewé tútù sẹ́nu ọ̀nà. Èéfín bo òun àti ọmọ rẹ̀. Ó lajú, kò ríran. Ó fa imú, ikọ́ ni. Ó tẹ́tí, igbe ọmọ ló gbọ́.

"Yèyé, ọ̀nà ẹ̀yìn dà?"

"Dákẹ́ ná, ara mi ni n ó fi wá a."

Irunmú rẹ̀ mì. Agbàmọ̀lára, ońṣẹ́ tíntìntín tó ń gbé ìdí irun náà, ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lápá ọ̀tún. Wọ́n tọ atẹ́gùn náà lọ, wọ́n já síta láàyè. Ìyá Òkété bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ bá a gbè é:

Irunmú, o gbọmọ mi là —
Ọpẹ́ ló yẹ ọ́!

Bí mo bá purọ́, kí awọ ara mi má mọ afẹ́fẹ́ mọ́.