Ẹ Ṣé Àná

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Gbogbo ènìyàn ló ń pa òwe yìí, àwọn mìíràn a sì fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dì í bí ẹni di ẹrù tí kò fẹ́ kí a rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n: bí ohun tí à ń ṣe nílé bá dára, báwo ló ṣe wá di èèwọ̀ níbòmíràn? Wọn a wúkọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Olóyè Láògún ti Òkè Ìrókò ló fà á. Ọkùnrin yìí gbà pé ìlú òun nìkan ni Ọlọ́run ti dúró kọ́ ènìyàn ní ìwà, pé àwọn ìlú yòókù kàn gbọ́ ọ fìrí lójú ọ̀nà ni. Bí àlejò bá jókòó, á ní kò mọ ìjókòó. Bó bá dìde, á ní ta ló ní kó dìde.

Nígbà tí Omíyalé, apẹja kan láti Etí-Ọ̀sà, wá tọrọ Àwẹ̀ró ọmọ Láògún láti fi ṣaya, Láògún ní àfi kí òun kọ́kọ́ fojú ara òun rí ilé tí ọmọ òun ń lọ. Ó di iṣu jọ, ó mú Àwẹ̀ró dání, ó di Etí-Ọ̀sà.

Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ iṣu. Ìyá Omíyalé se ẹja ọ̀bọ̀kún kan tí orí rẹ̀ tó orí ọmọ ọwọ́. Láògún jẹ, ó dúpẹ́, ó sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó ṣe ohun tí gbogbo ọmọlúàbí ń ṣe ní ìlú rẹ̀: ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà.

"Àna mi, ẹ ṣé àná o!"

Ìyá náà wò ó. Ó wo ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó sì yára lọ pa adìẹ.

Ilẹ̀ tún mọ́, Láògún tún jáde. "Àna mi, ẹ ṣé àná o! Adìẹ yẹn dùn." Wọ́n pa ewúrẹ́. Ó dúpẹ́ ewúrẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àgbò aládùúgbò.

Láògún sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé o rí wọn? Onínàákúnàá. Èyí tó burú jù ni pé láti ọjọ́ tí mo ti gbé iṣu fún wọn, ẹnì kan ò wá bá mi láàárọ̀ kó ní ẹ ṣé àná. N ò lè fọmọ fún aláìmoore. Di ẹrù rẹ."

"Bàbá, wọ́n ṣáà dúpẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e fún wọn."

"Ìyẹn lọpẹ́? Ọpẹ́ tí kò sùn, tí kò jí!"

Ọkàn Àwẹ̀ró ti lọ sọ́dọ̀ Omíyalé pátápátá. Ó gbé ẹkún mì, ó lọ sídìí ààrò láti dágbére. Ó bá ìyá Omíyalé tó ń jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Yọwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ yẹn! Bí baba bá ń jẹun báyìí, báwo ni ọmọ ṣe máa jẹ? Ó jẹ odidi ewúrẹ́ tán, ó ní kò tó. Ọkọ̀ ojú omi rẹ ló kù tó máa jẹ!"

Àwẹ̀ró ní, "Màmá, ta ló ní kò tó?"

"Baba rẹ ni! Ẹni tó bá ń dúpẹ́ oúnjẹ àná, ṣé kì í ṣe pé kò yó ni? Èèwọ̀ ni níbí. Ọjọ́ tí a bá jẹ ẹ́ la ń dá ọpẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tún un dá, ó ń tọrọ ni."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa ìyá náà lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ síta.

Ojú Láògún pọ́n. "Ta ló kọ́ wọn nírú ìyẹn?"

"Ta ló kọ́ wa ní tiwa, Bàbá?"

Láògún ní kó tú ẹrù tó dì.

Bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí Òkè Ìrókò. Ìyá Omíyalé pinnu pé òun ò ní dójú ti ọmọ òun. Nínú ọkọ̀, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀: "Ẹ ṣé àná, ẹ ṣé àná." Láògún náà ti pinnu ní tirẹ̀ pé àwọn ará omi kò ní rí òun fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ìyá náà lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Láògún, inú rẹ̀ ń dùn.

"Àna mi, ẹ ṣé àná o!"

Láògún ta gìrì. "Háà! Kò tó! Ẹ gbé iṣu wá!"

Wọ́n gbé iṣu wá. Ìyá náà rò pé òun ò pè é dáadáa ni. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. Láògún ránṣẹ́ sóko pé kí wọ́n wa èyí tí kò tíì gbó pàápàá. Bó ṣe ń dúpẹ́ ni iṣu ń pọ̀, bí iṣu ṣe ń pọ̀ ló ń dúpẹ́, títí iṣu fi dí ẹnu ọ̀nà, tí àwọn méjèèjì ò rí ara wọn mọ́.

Ìyàwó tuntun gbọ́ ariwo, ó jáde. Ó wo ìyá tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn iṣu, ó wo baba tó ń làágùn lódìkejì.

"Màmá, ẹ dìde. Bàbá, ẹ fi oko sílẹ̀. Èyí tí ẹ̀ ń ṣe, ti ilé wọn ni. Èyí tí Màmá ń ṣe, ti ilé yín ni."

Láògún nu ojú. Agídí ò tíì tán lára rẹ̀. Ó ní, "Síbẹ̀síbẹ̀, tiwa ló dáa jù."

Ìyá náà dáhùn láti ẹ̀yìn iṣu: "Tiwa ni, àna mi."

Láti ìgbà náà, bí Láògún bá wọ ìlú onílùú, kó tó bu òkèlè ni yóò ti bi onílé pé, "Ṣé ẹ̀ ń dúpẹ́ àná níbí?" Bí wọ́n bá ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, a ní, "Ẹ ṣáà dá mi lóhùn. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni."